Wákàtí Kan Tí Bàbá Òtútù Kò Tà

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Bàbá Òtútù, torí ẹ̀rọ amúǹkantutù ló ń tún ṣe. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń tọ́jú yàrá òtútù ilé ìtajà wàrà tó wà ní oríta òpópónà wọn, iṣẹ́ yẹn náà ló sì ń bọ́ ilé rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, wọ́n á pè é. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni o, ìgbà tí òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni o, á gbé àpótí irinṣẹ́, ó di kíá. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún èèyàn.

Kò sì mọ̀wé kà. Ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá a ka gbogbo ìwé. Lọ́dún yìí ni dókítà wá sọ pé ojú ìyàwó ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá a dúró.

Ìyàwó ní, "Kí ojú yìí tó lọ tán, ẹ máa mọ̀wé kà."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti aago méje sí mẹ́jọ alẹ́, lórí tábìlì ìjẹun. Láàárín wákàtí yẹn, ọkọ á máa sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà," ìyàwó á sì máa pè é ní "ìwọ ọmọ yìí." Bàbá a máa làágùn bí ẹni tó ru fíríìjì gun òkè. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Nígbà tí ilé ìtajà fi ìwé àdéhùn tuntun ránṣẹ́, ìyàwó kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kà á fúnra yín." Alẹ́ mẹ́rin ló fi kà á. Ní ojú ewé kẹta, ó kan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé dandan ni kó wá nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni fóònù ti da ẹ̀kọ́ wọn rú lóṣù tó kọjá. Bó bá fọwọ́ sí i, wákàtí wọn ti lọ nìyẹn. Bí kò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ lè bọ́.

Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá oníwàrà lọ.

"Màdáàmù, ẹ yọ aago méje sí mẹ́jọ alẹ́ kúrò."

Obìnrin náà ya ẹnu. "Bàbá, ta ló kà á fún yín?"

"Èmi náà ni."

"Bí wàrà bá wá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Màdáàmù, ilẹ̀kùn ló ń ba wàrà yín jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, gbogbo yín ẹ máa sáré wọlé lọ wò ó bóyá ó ṣì tutù. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń tú òtútù jáde! Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn títí n ó fi dé. Wákàtí mẹ́rin ni òtútù á ṣì fi wà níbẹ̀."

Màdáàmù rẹ́rìn-ín, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ sáré wọlé. "Kí lẹ wá ń ṣe laago méje?"

Ojú ti Bàbá. "Ilé-ìwé ni mò ń lọ. Ojú tíṣà mi ló ń lọ, màdáàmù."

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó mú báírò, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tún ìwé náà kọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù dún láàárín ẹ̀kọ́. "Bàbá, ẹ̀rọ ti dákẹ́ o. Mo ti tilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Ẹ kàwé yín tán kẹ́ ẹ tó máa bọ̀."

Bàbá gbé fóònù kalẹ̀. "Tíṣà, ibo la dé?"

"Ibí nìyí, ìwọ ọmọ yìí." Ìka ìyàwó bọ́ sórí ìlà tí kì í ṣe tiwọn. Bàbá di ìka náà mú, ó gbé e sórí ìlà tó tọ́, ó sì ń kà á lọ fún un.