Ọ̀nà Tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Bẹ̀ Wá Fún

Tí a bá ti kírun Àlàásàrì tán ní Kambolé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi a jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí, a máa fi igi ya ọ̀nà sílẹ̀. Òun ló ya àwòrán bí wọ́n ṣe máa to ilé àti ọ̀nà ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà sí wa, kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé.

"Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀nà sílẹ̀," a máa wí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́lé. "Ilé kì í yà fún ọkọ̀."

Wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," wọ́n á sì mọ ògiri dí ọ̀nà.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ ṣubú nínú ilé, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Sokodé kò rí àyè wọ àdúgbò wa. Ẹní la fi gbé e jáde, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé wa, ó ń wí pé, "Ẹ rọra, ẹ rọra." Kí ọkọ̀ tó dé Tchamba, obìnrin náà ti dákẹ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, olórí àdúgbò wá bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Bàbá, ẹ wá ya ọ̀nà yẹn fún wa. A ó wó ògiri wa."

Bàbá ní, "Ta ló kù tí ọkọ̀ máa wá gbé fún mi?" Ó sì wọlé.