Sípíkà Tí Ìyá Nọ́ọ̀sì Fi Sílẹ̀ ní Takie

Ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì ni tàgbà tèwe ń pe Marufat, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ ọ́, ó máa ń retí pé kí ọ̀rọ̀ dúró síbi tí òun gbé e sí. Ọkọ rẹ̀, Àlùfáà Ismaheel, ni ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Kéú ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì máa ń dẹ ẹsẹ̀ bó bá ń ka Kùránì.

Nígbà tí Ismaheel kú, ohun tó kù nínú ohùn rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì kan tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbà sílẹ̀, tí wọ́n ti wá dà sínú fìláṣì. Nínú rédíò kékeré tó wà nílé, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú garawa. Bí àdúà ọdún kan ṣe ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ Marufat bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ kí àwọn ṣe fún un. Ó ní òun fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ bàbá wọn bó ṣe rí gan-an.

Kò sí ẹlòmíràn tó wá sí i lọ́kàn ju Olúgbénga lọ. Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni Olúgbénga ti ń ta ẹ̀rọ olóhùn iyebíye, irú èyí tí àwọn tó mọ ohùn yàtọ̀ ń ti Ìlọrin wá rà. Ọmọ Onítẹ̀bọmi ni. Nígbà tí Marufat ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Esther ìyá rẹ̀ bí i. Ọmọ náà wá sáyé, kò ké. Marufat ló fa omi ẹnu rẹ̀ jáde, tó nà án ní àtẹ́lẹsẹ̀ títí ó fi figbe ta. Láti ọjọ́ náà ni Esther ti ń sọ pé àwọn méjèèjì ló ni ín, Olúgbénga pàápàá kì í sì í pe Marufat ní nǹkan mìíràn ju Màmá mi lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yan sípíkà, Olúgbénga ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó pa fáànù. Ó fi ohùn Ismaheel sínú oríṣi mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Àkọ́kọ́ ń kù rìrì, bí ẹni pé inú àgbá ni àlùfáà náà dúró sí. Èkejì ń ta létí bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta kéré, onígi ni, kò sì pariwo ara rẹ̀. Marufat di ojú. Ó gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe mí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ Yáásínì. Ó ní èyí ni.

Olúgbénga yìn ín pé etí rẹ̀ mú, pé èyí tó ń kù rìrì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń gbé. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé pé ohùn náà ṣì le díẹ̀, torí pé inú sípíkà tuntun dà bí bàtà awọ tuntun: èèyàn ní láti wọ̀ ọ́ kó tó rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa dún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iná Ọ̀yọ́ kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, òun ní sólà ní ṣọ́ọ̀bù, kí Màmá fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Níbi yìí ni iṣẹ́ agbẹ̀bí ti sọ̀rọ̀ nínú Marufat. Bí wọ́n bá bí ọmọ mùsùlùmí, ìpè ìrun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè sí i létí ọ̀tún. Ó ti dúró ti ọ̀pọ̀ bàbá tí ohùn wọn ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń pè é, ó sì gbà pé ohun tí etí bá kọ́kọ́ gbọ́ kì í kúrò lára. Lójú rẹ̀, ọmọ tuntun ni sípíkà náà. Ó ní kí Olúgbénga má fi ohùn mìíràn sí i títí yóò fi rọ̀, àfi ti Ismaheel.

“Ohùn Bàbá nìkan ni, Màmá mi,” ni Olúgbénga wí. “Ẹ fọkàn yín balẹ̀.”

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́. Ó fi aṣọ tó ṣẹ́ kù lára kọ́tìnì pálọ̀ rẹ̀ rán ìbora fún sípíkà méjèèjì, bí wọ́n ti ń ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi rán onímọ́tò sí Takie. Bó bá pe Olúgbénga lórí fóònù, Olúgbénga á ní Bàbá ń ka Kùránì lọ́wọ́.

Nígbà tí àdúà kù sí dẹ̀dẹ̀, Marufat lọ wo Haneefah, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní yunifásítì, tó sì ń gbé ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀sán Jímọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ lọ, wọ́n kọjá níwájú ilé ọtí kan tí orin ti ń ró jáde. Marufat ti ń kọjá lọ kí ó tó rí kọ́tìnì pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ká a sókè kúrò lójú sípíkà méjèèjì, ìgò bíà sì wà lórí ọ̀kan.

Haneefah rò pé oòrùn ló mú un dúró. Obìnrin tó ni ilé ọtí náà, Rejoice, jáde wá kí wọn. Marufat bi í pé ta ló ni ẹ̀rọ tó dùn báyìí.

“Olúgbénga ti Takie ni, Mà. Ó máa ń háyà rẹ̀ fún mi ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó le o, àmọ́ ó ti rọ̀ báyìí. Àwọn kọ́sítọ́mà mi kì í fẹ́ lọ sílé mọ́.”

Marufat dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Haneefah máa lọ jẹun, ó wọ ọ̀kadà, ó di Takie.

Olúgbénga gbé àga fún un, kò jókòó. Ó ní òun ti Under G bọ̀. Olúgbénga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ohùn ẹnì kan ṣoṣo tó ń kàwé jẹ́jẹ́ kò lè mú sípíkà rọ̀, pé ó nílò orin tó lágbára, pé òun mọ̀ pé tí òun bá sọ ọ́, Màmá kò ní gbà.

“Ṣé torí kó lè rọ̀ lo ṣe gbé e lọ, àbí torí owó háyà?”

Olúgbénga wo ilẹ̀. “Méjèèjì ni, Mà.” Ó tún ní, “Màmá mi, ẹ̀rọ kò mọ haláálì, kò mọ haráámù. Kò lè rántí nǹkan kan.”

“Ẹ̀rọ kọ́ ni mo bá ṣàdéhùn, Olúgbénga. Ìwọ ni.”

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun yóò ṣí tuntun fún un lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tuntun yóò le, àdúà sì ti dé tán, Marufat kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ òun bi òun ní ìdí tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀rọ. Ó ní kó gbé èyí tó wà nílẹ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ àdúà, pálọ̀ kún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, ohùn Ismaheel jáde bí ẹni pé ó wà lórí àga láàárín wọn, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti jẹ́ ọmọ kéú rẹ̀ sì ń nu ojú. Òótọ́ ni Olúgbénga sọ nípa sípíkà náà, ó ti rọ̀, ó dùn. Marufat jókòó pẹ̀lú wọn, ó tẹ́tí, ṣùgbọ́n bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń kàwé ni ohùn Olúgbénga ń dá a lóhùn láti inú fóònù pé Bàbá ń ka Kùránì lọ́wọ́. Kò lè ya ohùn méjèèjì sọ́tọ̀. Ó dìde, ó lọ bá àwọn tó ń dáná lẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí èèyàn ń tú ká, àlùfáà kan wá bá a. Ó ní mọ́ṣáláṣí àwọn fẹ́ irú ẹ̀rọ náà, ta ló tà á? Saifudeen, àkọ́bí Marufat, ti la ẹnu láti sọ pé ọmọ màmá òun ni. Marufat ṣáájú rẹ̀.

“Ọkùnrin kan ni,” ó ní, “ní Takie. Sípíkà rẹ̀ dára.”