Ẹja Tó Kú Sí Mi Lọ́wọ́

Òórùn ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lára àpótí gíláàsì náà. Ọkùnrin tó ń fẹ́ mi ló gbé e wá láti Èkó. Ó gbé e ka orí tábìlì ní pálọ̀ bàbá mi ní Òmù-Àrán, ó bu ọṣẹ ìfọṣọ sínú rẹ̀, ó sì ń fi kànìnkànìn ha á títí ó fi ń dán bíi dígí. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn ní Èkó, ilé tí kò bá ní ẹja tí ń lúwẹ̀ẹ́ ní pálọ̀, ilé ará oko ni. Bàbá mi mi orí. Èmi náà mi orí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì gbà nígbà náà pé ẹni tó bá ti gbé Èkó ti mọ ohun gbogbo.

Kò ṣan ọṣẹ náà dáadáa. Mo rí i, n kò sọ̀rọ̀. Ojú ló ń tì mí, ojú mi kò fọ́. Ó da omi kànga kún un, lójú ẹsẹ̀ ló sì tú ọ̀rá ẹja tó rà ní Ìlọrin sínú rẹ̀, ẹja pupa, ẹja funfun, wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n ń forí gbárí. Ó ní kí n máa tọ́jú wọn, pé obìnrin tó bá mọ ẹja tọ́jú yóò mọ ọmọ tọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kejì ó padà sí Èkó.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ẹja náà ti kú, wọ́n léfòó. Ìyá ọkùnrin náà, tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa, wá wò wọ́n. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ọwọ́ tí ẹja ò yè sí, ṣé ọmọ á yè síbẹ̀?”

Àgbàsìn ni mo fi ń jẹun. Àwọn obìnrin àdúgbò máa ń fún mi ní abo ewúrẹ́ sìn. Bó bá bímọ, a ó pín ọmọ rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó máa fa ẹran fún ẹni tí wọ́n bá ní ọwọ́ rẹ̀ kò dára. Ìyá alákàrà ló kọ́kọ́ wá tú tirẹ̀, ó ní ọmọ òun ń bọ̀ wálé, òun fẹ́ fi ṣe é lálejò. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò tiẹ̀ wá àwáwí. Ewúrẹ́ ìyá mi nìkan ló kù. Ọkùnrin náà pè mí láti Èkó pé òun gbọ́, pé òun máa ronú sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa. Mo sunkún. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni mo sunkún fún.

Nọ́ńbà ẹni tó ta ẹja wà lára ọ̀rá náà. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e, kí n tó pè é. Ó bi mí bóyá a jẹ́ kí omi náà dàgbà. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní omi tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó nínú gíláàsì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹja tó wọ̀ ọ́, pé kì í sì í gba ẹja púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé májèlé sì ni ọṣẹ jẹ́ fún wọn. Ó ní òun sọ gbogbo èyí fún ọkùnrin yẹn, ó sì dá òun lóhùn pé ẹja lòun wá rà, òun kò wá gba ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òun ló kánjú lá a, ahọ́n tèmi ló bó.

Mo fi omi lásán ṣan gíláàsì náà títí òórùn ọṣẹ fi lọ. Mo fọ iyanrìn odò, mo tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀, mo rọ omi sí i, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi bi mí bóyá omi ni mo fẹ́ máa sìn. Nígbà tó yá, mo ní kí awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìlọrin bá mi ra ẹja pupa méjì péré. Oúnjẹ tí ìka méjì lè ṣà ni mò ń fún wọn. Mò ń bu omi díẹ̀ kúrò, mò ń fi díẹ̀ rọ́pò. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, wọ́n ṣì wà láàyè.

Nígbà Iléyá, ọkùnrin náà wálé. Òun àti ìyá rẹ̀ wá jókòó sí pálọ̀ wa, ó gbé ọ̀rá ẹja mìíràn dání. Ìyá rẹ̀ wo àpótí náà, ó ní, “Ẹ ò rí i pé ọwọ́ ọmọkùnrin mi tó gbé e wá dára?” Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò jiyàn. Ó ní méjì ti kéré jù, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá náà.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu àpótí náà. Mo ní, “Ẹ má dà á síbẹ̀. Èyí tó kú, tiyín ni. Èyí tó yè, tèmi ni.”

Ìyá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ta ló ni gíláàsì?”

Mo bu omi sínú garawa, mo kó ẹja mi sí i, mo kó iyanrìn mi pàápàá, mo da omi tó kù nù, mo sì gbé gíláàsì náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Omi ń kán sára aṣọ Iléyá rẹ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, àfi èyí tó bá gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Inú bàbá mi kò dùn pé mo lé ọkọ lọ. Nígbà tí àdúgbò gbọ́ pé ẹja mi ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú garawa, Ìyá alákàrà ló kọ́kọ́ padà wá, ó fa ewúrẹ́ tó ní òun fẹ́ fi ṣe ọmọ òun lálejò lọ́wọ́. Kò tọrọ àforíjì. Ó ní koríko ẹ̀yìnkùlé wa ló dùn mọ́ ẹran náà lẹ́nu. Mo gbà á, mo so ó mọ́lẹ̀.

Ojú ṣì ń tì mí láàárín èèyàn títí di òní. Ọkùnrin náà ti fẹ́ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá wálé, mo máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ nítorí àgbà ni, mo sì máa ń kí òun náà bí mo ṣe ń kí ẹnikẹ́ni tí mo bá pàdé lọ́nà. Ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró lẹ́yìn wọn, á máa mi orí sí gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ bá sọ. Òun nìkan ni mo máa ń fẹ́ bá sọ̀rọ̀, n kò sì tíì mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.