Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Bínú sí Lọ́yà Wa

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni, mo ń gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkirè, òórùn dòdò tí àwọn obìnrin ń dín létí títì sì ti tẹ̀ lé mi dé òkè. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú yàrá. Ó ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò mí, kò dánu dúró, kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo rò pé ìjà ni. Nígbà tí mo yọjú, ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ pa dé, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà kan tó ń ka ìwé sí i létí. Òun ni lọ́yà tí mo fẹ́ wá máa bá ṣiṣẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé poli nígbà náà, mo ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Àpómù, níbi tí bàbá mi ti ń ta obì lọ́jà. Àbúrò ìyá mi tó ń dín dòdò nísàlẹ̀ ilé náà ló bá mi wá iṣẹ́ ọ̀hún. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi pé ọkùnrin náà kò ríran. Kò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń yí dòdò nínú epo.

"Ṣé ojú lo bá lọ síbẹ̀ ni, àbí iṣẹ́?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ irú akọ̀wé tí mo jẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bí mo bá fẹ́ kí i, mo máa ń pariwo débi pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó fi ọwọ́ bo etí rẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, ojú mi ni kò ṣiṣẹ́. Etí mi ò bá a dá sí i." Mo tọrọ àforíjì, mo sì pinnu pé oore ńlá ni n ó fi dí i. Mo tètè dé lọ́jọ́ kejì, mo tún tábìlì rẹ̀ tò, mo to ìwé jọ, mo gbé tẹlifóònù lọ sí ibi tó rẹwà jù. Odindi ọjọ́ yẹn ni Lọ́yà fi ń tọwọ́ bọ ibi tí kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó wá rí fóònù rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ní, "Akọ̀wé, bí o bá tún ràn mí lọ́wọ́ báyìí, n ó pè ọ́ lẹ́jọ́."

Àwọn ará ìta kò sàn jù mí lọ. Àwọn tó ń gbé ẹjọ́ wá á jókòó sí iwájú rẹ̀ gangan, wọn á wá kọjú sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n wà dáadáa? Ṣé wọ́n ti jẹun?" Lọ́yà á rọra dáhùn pé, "Akọ̀wé, bá mi sọ fún Bàbá pé mo ti jẹun, àti pé mo wà nílé." Mo bá a pàdé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan níwájú mọ́sáláṣí, ó dúró pẹ̀lú aṣọ dúdú tí àwọn lọ́yà ń wọ̀, ó ń retí ọ̀kadà. Bàbá arúgbó kan kọjá, ó tẹ owó sàráà sí i lọ́wọ́. Lọ́yà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, Ọlọ́run á gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un fún ẹni tó nílò rẹ̀. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá gba ilẹ̀ yín, èmi ni kí ẹ wá bá." Bàbá náà la ẹnu sílẹ̀, ó yíjú sí mi. "Háà! Ó mà gbọ́n o!" Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi mì. Ẹ̀rín ni Lọ́yà ń rín.

Nílé, ohun tí mo sọ kò ju pé mo ń bá lọ́yà kan ṣiṣẹ́ ní Ìkirè. Ọjà ló tú àṣírí mi. Bàbá mi dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó jókòó, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ọmọ tí mo rán nílé ìwé, ṣé ọ̀pá afọ́jú ló wá ń fà kiri?"

N kò bá a wí. Gbogbo afọ́jú tó ti rí láti kékeré, ibùdókọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, ọmọdé ló ń fi ọ̀pá fà wọ́n. Ẹni tí kò rí irú nǹkan rí, ẹ̀rù ló máa bà á tàbí kó ṣàánú. Èyí tó ń dùn mí di òní ni èsì tí mo fọ̀. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ń san owó oṣù dáadáa." Owó oṣù ni mo gbèjà. Mi ò gbèjà ọkùnrin náà.

Ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló kọ́kọ́ là mí lójú. Orílẹ̀-Òwu ló ti wá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti lé e kúrò lórí oko kòkó tí olóògbé fi sílẹ̀, ó sì ti gbé àwòrán ilẹ̀ lọ sí kóòtù pé tòun ni gbogbo rẹ̀. Bí ìyá náà ṣe rí Lọ́yà, ńṣe ló padà sẹ́yìn, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ilẹ̀ tí àwọn olójú méjì ń gbà lójú mi kòrókòró, ṣé ẹni tí kò rí i ló máa bá mi gbà á padà?" A ò mọ̀ pé Lọ́yà ti tẹ̀ lé ara ògiri jáde.

"Ìyá, ẹ mú mi dé orí ilẹ̀ náà," ló wí. "Bí a bá débẹ̀ tí ẹ kò bá fẹ́ mi mọ́, ẹ wá lọ́yà mìíràn. Kò sí ìjà."

A lọ. Lọ́yà rin ààlà oko yẹn yí ká. Ó ń fọwọ́ kan igi pèrègún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi pààlà, ó ń bi ìyá náà léèrè ẹni tó gbìn ín, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀gún ń fa aṣọ mi ya. Àbúrò ọkọ àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń wò wá lókèèrè. Ibì kan wà tí omi òjò ti gbẹ́ di kòtò gígùn. Mo ń kọ̀wé lọ́wọ́, mi ò kìlọ̀, Lọ́yà sì ṣubú sínú rẹ̀ gbì. Àwọn ènìyàn yẹn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbàlagbà kan ṣoṣo láàárín wọn ni kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ rọra o. Bí afọ́jú bá ní òun ó sọ yín lókò, ó ti fẹsẹ̀ tẹ òkúta ni." Lọ́yà jókòó nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, kò tiẹ̀ tíì dìde, ó pè mí.

"Akọ̀wé, kòtò yìí, ṣé ó wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n mú wá?"

Mo tú ìwé wò. Kò sí níbẹ̀. Kòtò tó la oko já láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ìyá náà ní ó ti wà kí òun tó wọlé ọkọ! Ẹni tó ya àwòrán náà kò dé orí ilẹ̀ rí. Ìbéèrè tí Lọ́yà fi tú ayàwòrán náà wò ní kóòtù nìyẹn, ó tú u fún wákàtí kan gbáko, adájọ́ da àwòrán náà nù, ìyá sì padà sí oko rẹ̀.

Mo rò pé ìlú á gbé e jó. Ohun tí mo gbọ́ ni pé, "Àánú ni adájọ́ ṣe é." Àní ní oṣù díẹ̀ sígbà náà, ẹgbẹ́ kan ní Ìkirè ní àwọn fẹ́ dá a lọ́lá. A múra, a lọ. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó gun orí pèpéle lọ, ni ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bá kígbe pé, "Ẹ wò ó! Òun fúnra rẹ̀ ló gun àtẹ̀gùn! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!" Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ẹjọ́ kankan tó ṣe. Ohun tí wọ́n kọ sára férémù ọ̀hún ni pé òun ni aláàbọ̀ ara tó ń gbìyànjú jù lọ. Bí a ṣe ń padà, Lọ́yà ní, "Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ni, Akọ̀wé. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá gùn ún lọ, ǹ bá gùn ún bọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí a dé ọ́fíìsì, ó ní kí n ti férémù náà sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì, ó sì jókòó fún ìgbà pípẹ́ láìtan kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọdún kẹta mi níbẹ̀ ni ọ̀ràn dé bá bàbá mi. Àwọn ọmọ onílé tó yá a ní ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ pípẹ́ ní àwọn fẹ́ ta ilé, kó kẹ́rù rẹ̀. Ó ní bàbá wọn ti fẹnu ṣèlérí fún òun kó tó kú pé wọn ò ní lé òun kúrò níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ bá lọ́yà méjì, wọn kò ráyè tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣa obì, kò wojú mi, ó ní, "Lọ́yà rẹ yẹn... ṣé ó máa ń gba ẹjọ́ ṣọ́ọ̀bù?"

Ó wá. Lọ́yà gba ẹjọ́ rẹ̀, ó ṣe é fún bí ọdún kan. A sì pàdánù.

Mi ò lè gbàgbé iwájú kóòtù lọ́jọ́ yẹn. Oòrùn mú, èrò pọ̀, bàbá mi sì kọjú sí Lọ́yà, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Mo sọ fún yín! Mo ní kí ẹ pe ìyá aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, kó wá jẹ́rìí. Ojú rẹ̀ ni bàbá onílé ṣe bá mi sọ̀rọ̀ yẹn! Ẹ ní kò pọn dandan! Irú lọ́yà wo lẹ jẹ́ gan-an?"

Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ dá sí i, ó di bàbá mi lápá mú. "Ẹ fi í sílẹ̀, Àlájì. Ẹ ṣàánú rẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé kò ríran ni?"

Bàbá mi já ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Kí ló kan ojú nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ojú ni wọ́n fi ń pe ẹlẹ́rìí?"

Lọ́yà bọ́ wíìgì orí rẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Àlájì. Ó yẹ kí n pè wọ́n. Àṣìṣe mi ni, ẹ má bínú." Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Ẹṣin tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin pàápàá ń kọsẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọjọ́ wo la máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?"

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Ìkirè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Lọ́yà nítorí bàbá mi. Mo wòye pé èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Akọ̀wé, mo ti pàdánù ẹjọ́ rí," ló wí. "Bí mo bá pàdánù, wọn á gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn á ní mo gbìyànjú. Láti ọjọ́ tí mo ti di lọ́yà, kò tíì sẹ́ni tó bú mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Bàbá rẹ bú mi dáadáa."

Kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ kejì rárá ni àwọn ọmọ onílé gbà láti yanjú rẹ̀. Lọ́yà mú ìyá aláṣọ lọ bá wọn, ìyá náà rojọ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé fún bàbá mi pé kò ní kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní ọ́fíìsì yẹn. Kóòtù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo sì ti rí oríṣiríṣi ìyìn tí wọ́n ń fún Lọ́yà àti àwọn bíi tirẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì ń rùn bí sàráà. Ìyìn kò ṣòro láti fún ẹni tí a kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí a gbé ara lé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ká wa lára. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ èyí, bàbá mi tí kò kàwé ló kọ́ mi, òun gan-an kò sì mọ̀ pé òun kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Bàbá ti darúgbó báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí láti Àpómù. Kò kí mi, ẹjọ́ Lọ́yà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rò: òun ti ń pè é láti àárọ̀ lórí ọ̀rọ̀ oko kan, kò gbé fóònù. Mo ní bóyá ó wà ní kóòtù. Ó ní irọ́ ni, ìgbéraga ti wọ̀ ọ́, àwọn lọ́yà ò ṣeé fọkàn tán, gbogbo wọn ọ̀kan náà ni.

Gbogbo wọn ọ̀kan náà ni, ló wí. Mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Mo jókòó, mo jẹ́ kó bínú tẹ́rùn.