Àwo Orin Tó Bá Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi Mu

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká ṣe ìgbéyàwó ni ọkọ mi sọ fún mi pé òun kò ní jó. Iwájú ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ekete, nítòsí Wàrí, la jókòó sí, à ń jẹ àgbàdo sísun. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú díẹ̀ sí ọ̀tún, àìsàn ìgbà èwe ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kò dí iṣẹ́ wẹ́dà tó ń ṣe lọ́wọ́, kò sì ní kó má gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kó dúró láàárín gbọ̀ngàn, kí gbogbo èèyàn máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni kò lè gbà.

"Ìwọ ni wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín," ló wí.

Pijin ló fi sọ ọ́, torí ọmọ Urhobo ni, Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ.

Bàbá mi kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà. Akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù ni ní èbúté, ará Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ ní Wàrí, tó kọ́ wọ́ọ̀sì, ijó òyìnbó tí tọkọtaya máa ń jó pọ̀, nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tí kò sì gbàgbé rẹ̀ rí. Owó epo ń rọ́ wọ ìlú nígbà náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí kò ra ẹ̀rọ orin tuntun. Tiwa ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Kí á tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó ni bàbá ti ra àwo wọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún wa. Gbogbo Sátidé ló ń ní ká wá dán an wò ní pálọ̀, gbogbo Sátidé sì ni ọkọ mi ń wá àwáwí.

Mo bá fà á lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta àwo orin ní Edjeba. Mo ṣàlàyé fún un, ojú ń ti ọkọ mi. Obìnrin náà kò káàánú rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, kó rìn padà, bí ìgbà tí télọ̀ bá ń wọn èèyàn. Ó ń fi ìka lu káńtà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń balẹ̀: ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú.

Àwo àkọ́kọ́ tó fi sórí ẹ̀rọ yá jù. Ó dín eré ẹ̀rọ náà kù, ohùn akọrin sì dà bíi ti màlúù tó ń ṣàìsàn. A rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló yọ háílàìfù kan tí kò ní ọ̀rọ̀, fèrè àti gìtá nìkan.

"Má jó o," ló sọ fún un. "Ṣáà máa rìn bí o ṣe ń rìn."

Ó di ọwọ́ mi mú, a rìn láàárín páálí àwo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú orin náà gẹ́ẹ́. Èmi gan-an ni mò ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló kù. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ní òun ń rí ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́, kò kàn wá sí òun lọ́kàn. Ó gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó yíjú sí ọkọ mi.

"Ọmọ mi, dìde, kọ́ mi."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọkọ mi, ṣùgbọ́n ó ti yé e. Ó dìde. Mi ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road la ti jó o. A kò tíì dé ìdajì àwo náà tí àwọn àbúrò ìyá ọkọ mi fi bọ́ sójú agbo, ẹsẹ̀ kan gígùn, ẹsẹ̀ kan kúkúrú, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń jó orin náà nìyẹn. Bàbá mi tẹ̀ lé wọn. Ọkọ mi wo gbogbo wọn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì kọ̀, kò jókòó mọ́. Èmi ni mo lọ jókòó ti obìnrin tó ta àwo náà fún wa, tí a pè wá síbi àsè, mo bọ́ bàtà, mo sì jẹ ìrẹsì mi.