Ọmọ Tó Ń Rẹ́rìn-ín Nínú Àwòrán Odò

Ọmọ kan ṣoṣo ni aránbàtà kan àti ìyàwó rẹ̀ bí. Ẹ̀rín kì í gbẹ lẹ́nu ọmọ ọ̀hún, ni àdúgbò bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí odò ya wọ ìsàlẹ̀ ìlú, omi gbé e lọ, ó sì gbé gbogbo fọ́tò rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Wọ́n rí òkú tiwọn sin. Ojú rẹ̀ ló wá nù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí wọ́n sọ ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, aránbàtà mú ìyàwó rẹ̀ lọ, bóyá ara rẹ̀ á fúyẹ́. Ó ń dápàárá fún un.

"Wọ́n ti bàtà yìí mọ́nú gíláàsì, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹ tán. Ká ní wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi ni!"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Àfi bí wọ́n ṣe dé yàrá òkè, tó dúró gbagidi níwájú àwòrán kan: àwọn ọmọdé ń wẹ̀ lódò, ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ wá wò ó. Òun rèé!"

Aránbàtà wò ó. Etí Ẹlẹ́rìn-ín fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ti ọmọ yìí lẹ̀ mọ́ orí. Ọdún tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sì fi hàn pé ayàwòrán ti yà á tán kí aránbàtà àti ìyàwó rẹ̀ tó mọra. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun rẹ̀. Ó rí bí ojú obìnrin náà ṣe ń dán, ó gbé e mì.

"Òun mà ni," ló sọ.

Láti ìgbà náà, obìnrin yìí kì í pa ọjọ́ Ẹtì jẹ. Á jókòó, á máa ròyìn ilé fún ọmọ inú àwòrán. Ọkọ kì í bá a lọ. Á ní iṣẹ́ wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ń bẹ̀rù.

Nígbà tó yá, àìsàn dá ìyàwó dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, aránbàtà ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ. Ó dijú kó lè rántí ojú ọmọ rẹ̀ gan-an. Ojú inú àwòrán nìkan ló ń yọ sí i. Ó tún dijú. Ọ̀kan náà ni. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ní. "Ṣé ẹ mọ màmá tó máa ń wá ni?"

"Ìyàwó mi ni," ó dáhùn. Ó nawọ́ sí àwòrán. "Ọmọ wa nìyẹn."