Lẹ́ńsì Abẹ́ Bùbá

Báàgì kámẹ́rà tèmi kò pẹ́ láyé. Àwọn méjì lórí ọ̀kadà ló já a gbà lọ́rùn mi ní Bàrígà, lójú ọ̀sán gangan, tí àwọn èèyàn dúró tí wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo sinimá. Ọpẹ́ ni pé kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì kan tí mo fẹ́ràn bá báàgì lọ. Mo gbá ara mi létí. Báàgì dúdú onígun mẹ́rin tó ní sípì káàkiri, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí pátákó tí èèyàn kọ “ẹ wá jà mí lólè” sí, tó wá gbé kọ́ ọrùn?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé kámẹ́rà sínú láílọ̀nù dúdú, tí mo ń fi ẹ̀fọ́ bò ó lórí. Àwọn lẹ́ńsì tó kù ni ìṣòro. Méjì ni wọ́n: gígùn kan tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, àti kúkúrú kan tó ń gba gbogbo inú yàrá sínú fótò kan. Bí mo bá jù wọ́n sínú láílọ̀nù, wọ́n á máa kan ara wọn, jígí wọn á ha. Bí olè bá sì já láílọ̀nù gbà, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ni mo bá rán àpò aṣọ kan, mo fi òwú tẹ́ inú rẹ̀, mo ń fi ọ̀já so ó mọ́ ikùn, mo sì ń wọ bùbá tó fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lé e. Ó ń gbóná, ó ń yún mi lára, ṣùgbọ́n kò sí olè tó máa na ọwọ́ síbẹ̀. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀, nítorí àṣírí tí gbogbo ilé bá ti mọ̀, olè náà ti gbọ́.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti ní agbádá méjì ló fẹ́ di kánsẹ́lọ̀. Àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú kò sinmi. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ nínú ọ̀kan nínú wọn, èmi sì ń ya ojú àwọn olóṣèlú fún pósítà. Gbogbo nǹkan ló ń yí padà, àfi ikùn mi.

Mo ti lo ọdún mẹ́fà nílé ọkọ láìbímọ. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní Abẹ́òkúta ti ń wá ìyàwó kejì fún un, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń dí wọn lẹ́nu. Màmá kò bi mí rí pé kí ló dé. Bí wọ́n bá wá kí wa, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á bá mi gún iyán, wọ́n á lọ. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju bí mo ṣe lè fi hàn lọ, mo sì ń bẹ̀rù ọjọ́ tí yóò rẹ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ya olùdíje kan tán ní Akọka, mo gba ilé ìtẹ̀wé lọ kí n tú ẹrù ikùn mi sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ mi bí mo ti máa ń ṣe. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú ti kún ibẹ̀, wọ́n ń pariwo pé pósítà mú ọ̀gá wọn dúdú jù. Mi ò lè ká bùbá sókè lójú wọn. Mo bá kọjá sí Abúlé Òkúta bẹ́ẹ̀, kí n lọ tú u nílé.

Ta ni mo bá lójúde? Ìyá ọkọ mi, lórí àga, pẹ̀lú ìyá onílé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Bí mo ti ń kúnlẹ̀ ni àpò náà yọ̀, mo sì sáré fi ọwọ́ gbé e ró lábẹ́ kó má baà já bọ́. Ohun tí wọ́n rí nìyẹn: bùbá tó yọ síwájú, àti ọwọ́ mi lábẹ́ ikùn.

Màmá wò ó, wọ́n sì yára gbé ojú kúrò. Wọ́n gba láílọ̀nù lọ́wọ́ mi.

“Dìde, dìde. Ta ló ní kí o kúnlẹ̀? Ṣé irú ẹrù yìí ló yẹ kí o máa gbé báyìí?”

Mo ní, “Màmá, kò sí nǹkan kan o. Ẹrù iṣẹ́ ni.”

“Mo mọ̀.” Wọn ò lè pa ẹ̀rín wọn mọ́ra. “Ẹrù iṣẹ́ ni. Kò sí nǹkan kan.”

“Kì í ṣe ohun tí ẹ rò, mà.”

Ìyá onílé pàtẹ́wọ́. “Ìyàwó yín gbọ́n! Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ayé ò ṣe é fi nǹkan hàn.”

Kí ni n bá tún sọ? Láàárín wa, aláboyún tó bá ń kígbe oyún kiri ni kò gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n á máa sẹ́ ẹ títí tí gbogbo ayé á fi rí i, á tún máa sẹ́ ẹ síbẹ̀. Bí mo ṣe ń sẹ́ ni mo ń fi ẹ̀rí lé ẹ̀rí. Kí n ká bùbá sókè nìkan ló lè gbà mí, ìyẹn sì máa jẹ́ lójú ìyá onílé, tí ọ̀rọ̀ kì í sùn lẹ́nu rẹ̀. Inú bí mi sí obìnrin náà, inú bí mi sí ara mi. Mo wọlé, Màmá tẹ̀lé mi.

Kí n tó ti ilẹ̀kùn tán, wọ́n ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi, pẹ̀lú orí ewú, kúnlẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

“Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ẹbí pè mí sí ìpàdé,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ní kí n gbà, kí wọ́n mú ọmọbìnrin kan tí wọ́n ti rí wá fún ọkọ rẹ. Mo ní ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n dé Èkó, kí n fi ojú ara mi rí ìyàwó mi. Mi ò mọ̀ pé Ọlọ́run ti dá wọn lóhùn!”

Ojú tì mí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde, wọn ò dìde. Mo bá tú ọ̀já. Mo kó lẹ́ńsì méjèèjì jáde, mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì.

Màmá wò wọ́n. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ikùn mi níbi tí ọ̀já fi ìlà sí.

“Èyí náà ni?”

“Èyí náà ni, Màmá. Mo sọ fún yín.”

“O sọ fún mi lóòótọ́.”

Wọ́n di etí bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n ń gbìyànjú láti dìde. Ìtìjú tèmi ṣeé gbé, ó ti mọ́ mi lára. Tiwọn ni mi ò lè wò. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti ń tijú nítorí ikùn mi, mo rò pé mo ti mọ ìtìjú dé ìdí. Mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Níta, ìyá onílé ti gbé orin ọpẹ́, àwọn obìnrin mìíràn sì ti ń gbè é. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Màmá ò kú. Wọ́n kàn gbé báàgì wọn.

“Mi ò lè sùn síbí mọ́,” ni wọ́n wí. “Báwo ni mo ṣe máa kọjá lára àwọn wọ̀nyẹn?” Wọ́n wo orí bẹ́ẹ̀dì. “Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, so ó padà.”

“Màmá…”

“Kí n ṣáà ti kọjá. So ó padà.”

Mo kó lẹ́ńsì padà sínú àpò, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀já so. Màmá fúnra wọn ló gbà á, wọ́n nà án, wọ́n ní kí n fa ikùn sínú. Èmi máa ń so ó sókè díẹ̀ kó má baà dí mi lọ́wọ́ ìrìn. Wọ́n fà á wálẹ̀.

“Ibí ló máa ń wà,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ta kókó rẹ̀ sẹ́yìn.

A jáde. Ìyá onílé gbé ọwọ́ sókè, ó ní a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Màmá ṣe àmín, ohùn wọn le. Gbogbo ojú wá yí sí mi, èmi náà ṣe àmín. Màmá di apá mi mú, wọ́n ní kí n rọra. A kọjá ojúde, a kọjá ilé ẹ̀rọ ata, a yà sí òpópónà tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ wá. Mo rò pé wọ́n á fi apá mi sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò fi í sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń sọ pé rọra, rọra, títí a fi dé ibi tí wọ́n ti wọ ọkọ̀.